Ezra Ní Kó O Tún Un Kà

Orí ọkùnrin kan ni Marnie kọ́kọ́ rí, irun pupa tó ń yọ bọ̀ láti inú kùrukùru eruku orí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ méjèèjì, tí aró aṣọ tuntun ti rẹ títí dé ọrùn ọwọ́, ife tíì kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i, Marnie sì gbàgbé iye aṣọ tó ti kà.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tọ́ mi sọ́nà lẹ́ẹ̀kan," ni Marnie wí. "Mo ti fo ìdì aṣọ kan."

"Èmi kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ni."

"Ẹnì kan sọ létí mi pé, 'Tún un kà.' Mo tún un kà, mo sì rí i pé mo ti fo ọ̀kan lóòótọ́."

Ọkùnrin náà na ife kan sí i, ó gbé èkejì sórí àga onígi kan tí kò sẹ́ni tó jókòó sí. "Tìẹ rèé. Ti Ezra nìyẹn."

Wilf lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú yàrá aṣọ tó wà lókè pátápátá nílé iṣẹ́ ìhunṣọ náà. Ó ní Ezra ló wà nídìí iṣẹ́ yẹn láyé baba-baba òun, orí àga yẹn ló sì kú sí níbi tó ti ń ka aṣọ. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá náà, Ezra á fọhùn. Bó bá jẹ́ òótọ́, á dákẹ́.

"O fẹ́ dẹ́rù bà mí ni, àbí?"

"Ta ló tó dẹ́rù ba ọ́dítọ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń dẹ́rù bà wá!"

Marnie rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń lọ, ó yọjú wo ife orí àga náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ táútáú.

Leeds ni Marnie ti ń kọ́ṣẹ́ ọ́dítọ̀, ìyẹn àwọn tó ń yẹ ìṣirò owó àti ọjà ilé iṣẹ́ wò. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé yunifásítì mọ́ ọn, ilé iṣẹ́ tó gbà á ló sì ń sanwó ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń gbálẹ̀ ní ọsibítù, kò jẹ́ kí àdúgbò sinmi: "Marnie mi á di akáńtáǹtì!" Bí ọdún bá ti ń parí, wọ́n á rán ọmọṣẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i pé ọjà tí oníbàárà ní òun ní wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Wilf nìyẹn.

Kí òtútù tó lọ, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Lọ́jọ́ Sátidé, Wilf á wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Leeds, wọ́n á jẹ ẹja díndín àti ọ̀dùnkún létí odò, á máa pè é ní "ọ́dítọ̀ mi".

Ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ náà le. Ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ níbì kan kò gbọ́dọ̀ yẹ ìṣirò ibẹ̀ wò, ó sì gbọ́dọ̀ tètè sọ. Ojoojúmọ́ ni Marnie ń sọ pé òun á sọ lọ́la. Nígbà tí Dìsẹ́ḿbà tún dé, Rukhsana, ọ̀gá rẹ̀, ní kí Marnie ṣáájú iṣẹ́ kíkà náà. Irú ẹ̀ kì í bọ́ sọ́wọ́ ọmọṣẹ́ lójoojúmọ́. Marnie panu mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ka aṣọ náà, Wilf ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́yìn àwọn ìdì aṣọ nígbà tí ẹsẹ̀ Rukhsana dún lórí àtẹ̀gùn. Wilf bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Marnie! Ta ló wà pẹ̀lú ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan o, mà. Èmi nìkan ni."

"Tún un kà."

Ohùn àgbàlagbà ni, ó tutù, ó sì sún mọ́ etí. Rukhsana dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

Marnie bojú wo àga Ezra. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún purọ́, ohùn náà á tún dáhùn.

"Wilf, dìde. Ẹ jọ̀ọ́, mà, olólùfẹ́ mi ni. Ó ti pé ọdún kan."

Rukhsana gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ Marnie. "Ìfẹ́ kọ́ lẹ̀ṣẹ̀, Marnie. Ká ní o sọ ni, ibòmíì ni ǹ bá rán ẹ lọ. Báyìí, ta ló máa gba ohun tó o bá kà gbọ́?"

Ẹlòmíì ló tún gbogbo rẹ̀ kà. Wọn kò lé Marnie, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún un gidigidi, wọ́n sì dá a padà sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ fara ya: "Torí aláró yẹn! Ṣé òun ló ń sanwó ilé-ìwé ẹ?" Wilf alára ní òun ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. "Jẹ́ kí n yàgò fún ẹ," ló sọ lórí fóònù, kò sì wá sí Leeds mọ́. Marnie sunkún títí yìnyín fi yọ́.

Nígbà tí ewé tuntun yọ, tí Marnie kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìṣirò ilé iṣẹ́ ìhunṣọ náà mọ́, ó gun àtẹ̀gùn yàrá aṣọ pẹ̀lú ife tíì méjì. Ó gbé ọ̀kan sórí àga, ó kọjú sí Wilf. Wilf ti rù.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá sọ fún ẹ pé mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹ mọ́."

"Tún un kà," ni ohùn náà wí.

Wilf bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Wọ́n ní kó o tún un kà, ọ́dítọ̀ mi."

"Mo gbọ́, mi ò dití! Ó dáa. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, òmùgọ̀ aláró."

Kò sẹ́ni tó fọhùn.

Wilf kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí eruku irun àgùntàn bò. "Mo sá nígbà tó yẹ kí n dúró tì ẹ́. Mi ò ní sá mọ́. Fẹ́ mi, Marnie. Tìẹ ni mí títí ayé."

Àwọn méjèèjì ń retí ohùn Ezra. Atẹ́gùn fẹ́ lu fèrèsé. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ń kùn nísàlẹ̀. Wọ́n retí títí, ohùn náà kò wí nǹkan kan.

"Ṣé o gbọ́ nǹkan?" ni Wilf béèrè, jẹ́jẹ́.

"Rárá," ni Marnie dáhùn, ó sì na ọwọ́ sí i. "Mo gbà."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Ife orí àga ti gbẹ.