Táyà Tí Rasheedah Yọ ní Dansoman

"Ta ló ni kẹ̀kẹ́ yìí? Ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin ni?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Suhaib bá Rasheedah sọ nìyẹn, níwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní Circle nílùú Accra, níbi tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe láàárín àwọn tó ń ta fóònù. Láti Nima ni Rasheedah ti gbé kẹ̀kẹ́ náà wá. Táyà iwájú rẹ̀ ti wọ́.

"Èmi ni mo ni ín, èmi náà ni mo sì ń gùn ún. Ṣé o lè tún un ṣe, àbí kí n gbé e lọ fún ẹlòmíì?"

Suhaib rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Accra ni, bíi ti Rasheedah fúnra rẹ̀. Ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Jókòó." Kó tó na táyà náà tán, ó ti mọ̀ pé Alhaja Tàíbátù tó ń ta abọ́ lọ́jà Dansoman ni ìyá Rasheedah. Rasheedah náà ti rí i pé ọwọ́ ọkùnrin yìí tutù lára irin, ó sì ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ bí yóò ṣe rí lára ènìyàn.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Suhaib ti di olùkọ́ fún ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rin tó ń gun kẹ̀kẹ́ ìdíje, Rasheedah sì wà nínú wọn. Ìfẹ́ wọn ti gbó débi pé àwọn àgbà ilé Suhaib ti mú ọjọ́. Ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún ọdún náà yóò parí lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn yóò wá rí Alhaja nítorí ọmọ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Rasheedah lọ́kàn, Abena ni orúkọ rẹ̀.

Abena ni olórí ẹgbẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ eré yìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sáré láti ìlú kan dé òmíràn, wọ́n á ro àkókò gbogbo ọjọ́ pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò. Ẹnì kan péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kó wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni àwọn tó kù wá ṣe. Wọ́n á máa gba afẹ́fẹ́ sáyà níwájú kí òun lè sinmi lẹ́yìn wọn. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, wọ́n á dúró dè é. Bí táyà rẹ̀ bá jò, wọ́n á yọ tiwọn fún un. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú u, ojú á tì í.

Rasheedah mọ òfin yìí bó ṣe mọ Fátíhà. Ohun tí kò mọ̀ ni bí obìnrin ṣe ń fara balẹ̀ wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń gbé omi lé obìnrin mìíràn lọ́wọ́. Abena ni Suhaib ń kọ́kọ́ bi bóyá ó sùn dáadáa. Abena ni ó ń da aṣọ bò léjìká tí wọ́n bá ti dé ibi ìparí. Nírọ̀lẹ́, tó bá ń fọ kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Abena ní í kọ́kọ́ fọ̀, ti Rasheedah ní í gbẹ̀yìn. Abena kò sì ṣe é níbi kankan o! Ó rẹwà, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, èyí gan-an ló tún ń dun Rasheedah jù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ti Rasheedah ń run ún gidi.

Ìyá rẹ̀ tún bu epo sí iná náà lórí fóònù.

"Ọkùnrin tó ń fi mọ́tò tẹ̀lé obìnrin kiri látàárọ̀ dalẹ́! Rasheedah, la ojú ẹ o. Ọmọ yẹn rẹwà paa. Kí wọ́n má wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n tún lọ kí ìyá ẹlòmíì lọ́jọ́ Ajé."

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gun òkè Aburi. Abena ló wọ ẹ̀wù yẹ́lò. Suhaib ti rán Rasheedah ṣíwájú láti àárọ̀, kí Abena lè bá a níbẹ̀ tó bá rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Rasheedah dé ìdajì òkè, mọ́tò Suhaib sún mọ́ ọn, ó yọrí lójú fèrèsé.

"Rashi! Dúró de Abena. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, dúró, kó o fà á dókè."

Ó pe "Abena" bí ẹni ń pe ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Owú gbóná wọ Rasheedah dé etí. Ó gbọ́ ọ ketekete. Ó tẹjú mọ́ títì, ó ṣe bí adití, ó sì gun òkè náà lọ.

Òun ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbé òdòdó fún un. Abena dé lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ẹ̀wù yẹ́lò sì bọ́ sọ́rùn obìnrin ẹgbẹ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó bú Rasheedah. Kò sì sẹ́ni tó kí i.

Ó bá Suhaib nídìí kẹ̀kẹ́ Abena, ó ń fọ̀ ọ́.

"Ṣé o gbọ́ mi lónìí àbí o ò gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Èmi ni kí n bi ọ́! Nínú àwa méjèèjì, ta lo fẹ́?"

Suhaib ju kànìnkànìn sínú omi. "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ lè ràn án lọ́wọ́, ìwọ ni mo rán, torí ìwọ ni mo fọkàn tán. Ní báyìí, Rashi, mi ò mọ ohun tí mà á sọ fún àwọn bàbá mi nípa ọjọ́ Àìkú."

Rasheedah lọ sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ọkọ ń bọ́ lọ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe Abena ló gbà á, òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í dànù. Nígbà tó jí láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ karùn-ún, láti Winneba wọ Accra. Rasheedah wà níwájú látàárọ̀, ó ń gba afẹ́fẹ́ etíkun sáyà, Abena fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, ẹni tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò ń jábọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Dansoman, ó ku àwọn mẹ́fà péré níwájú. Bí Abena bá ti lè débẹ̀ báyìí, òun ló gba gbogbo ìdíje.

Alhaja Tàíbátù ti kó gbogbo ọjà jáde. "Ọmọ mi tó gbégbá orókè lánàá ló ń bọ̀ yẹn!"

Níbẹ̀ gan-an ni Abena kó sí kòtò. Táyà iwájú bẹ́. Àwọn tó ṣubú lẹ́yìn ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn mọ́tò. Abena wo Rasheedah, ó sì gbójú kúrò, bí ẹni tí kò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìwò yẹn dun Rasheedah ju èébú lọ. Ó tẹ bíréèkì, ó bọ́ sílẹ̀, ó yọ táyà iwájú tirẹ̀. Táyà tí Suhaib nà fún un ní Circle lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Owú tún yọjú: ṣé o fẹ́ fún un nìyẹn náà?

"Gbà."

Omi lé sí Abena lójú. "Rashi, medaase. O ṣé o."

Rasheedah tì í lẹ́yìn títí kẹ̀kẹ́ fi gbéra, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì tòun ti kẹ̀kẹ́ onítáyà kan.

"Ei! Kí ni mo rí yìí?" Ìyá rẹ̀ ti dé. "Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ yọ ọ́ fún un?"

Kó tó dáhùn, mọ́tò Suhaib yọ, táyà tuntun méjì lórí rẹ̀. Mọ́tò ẹgbẹ́ kì í fi olórí sílẹ̀. Òfin kan náà ni, wọn ò kọ ìyẹn náà. Síbẹ̀, apá kan ọkàn Rasheedah ń bẹ Suhaib pé kó dúró, kí gbogbo ọjà lè rí i. Suhaib rí i. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì kọjá.

Alhaja káwọ́ lérí. "Yéè! Ó rí ẹ, ó kọjá! Ó ń lé ìyẹn lọ! Kò ní tẹ ilẹ̀ ilé mi lọ́la!"

"Màmá," Rasheedah ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, "ká ní ó dúró ni, èmi gan-an ni ǹ bá ní kó má wá."

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Suhaib wá sí ìsọ̀ abọ́, táyà Rasheedah lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá ni Abena fi gba ẹ̀wù náà. Suhaib dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja, Alhaja kẹ̀yìn sí i. Suhaib tọrọ omi àti àkísà, ó dá kẹ̀kẹ́ Rasheedah dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Rasheedah fẹ́ dákẹ́, kò lè dákẹ́. "Ti Abena ńkọ́? O ti fọ ìyẹn?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọ̀, torí iṣẹ́ ni." Kò gbójú sókè. "Tìẹ ni mo fi ń gbẹ̀yìn, olólùfẹ́ mi, torí mi ò kì í fẹ́ kó tán."

Alhaja yíjú padà, ó wo ọwọ́ ọkùnrin náà lára irin, ó sì nawọ́ sí àwọn abọ́ tuntun tó tò síwájú.

"Suhaib," ó ní, "àwọn bàbá ẹ mélòó ló ń bọ̀ lọ́la? Kí n mọ iye abọ́ tí mà á yọ sílẹ̀."