Iṣan Inú Mábù

Ohun tí ẹ ń fura sí yẹn, òun gan-an ni. Ọkọ Ìyá Ìbejì ń yan àlè, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì ń yàn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, àfi ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Kántà ilé ìdáná ló wá tú àṣírí wọn.

"Òkúta dúdú ni mo fẹ́ fi ṣe kántà tuntun!" Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sí pákó jíjẹrà tó ti ń gé ẹ̀fọ́ lé láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó. "Ìkòkò gbígbóná ni mò ń sọ̀ lé e, Bàbá Ìbejì! Àwọn ọmọ yín ń da epo, wọ́n ń fún ọsàn wẹ́wẹ́. Bí omi ọsàn bá kan òkúta mábù funfun tí ẹ ń fẹ́ yìí, àpá rẹ̀ ò lọ mọ́ láéláé!"

Oní-Táì ni àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀, nítorí kì í bọ́ táì lọ́rùn àfi bó bá fẹ́ wẹ̀. Ó tọ́ táì náà sọ́nà. "Òkúta dúdú! Ṣé ibojì la fẹ́ mọ ni? Ẹni tó bá wọ ilé mi, kó mọ̀ pé òun wọ ilé èèyàn!"

Ilé tó ń pè ní tirẹ̀ yìí, bàbá Ìyá Ìbejì ló kọ́ ọ, tó sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Ṣé inú ilé ìdáná lẹ ti fẹ́ máa gba àlejò ni?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ nìyí, bi í!"

Aránṣọ jókòó lórí àpótí, ó ń jẹ ẹran tí Ìyá Ìbejì bù fún un. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó obìnrin yìí; òun ló pọn àwọn ìbejì nígbà tí ìyá wọn ń ṣàìsàn. Ó lá ìka rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, mábù ni o jàre! Èyí tó ní iṣan dúdú tó ń wọ́ lọ bí odò. Bí mo ṣe rí i báyìí, orí mi wú!"

Kí ló dé tí orí rẹ̀ ò ní wú? Ẹ ní sùúrù ná.

Ẹni méjì kì í bá ẹnìkan jà kó rọrùn. Ìyá Ìbejì gbà fún wọn. Àwọn tó ń ta mábù kì í gé e tà. Odindi pẹlẹbẹ ni èèyàn ń rà, ó sì gùn ju kántà kan lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kántà tán, Ìyá Ìbejì béèrè ìyókù.

"Ó fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù agé-òkúta," ni Oní-Táì wí. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Agé-òkúta fún obìnrin náà ní ègé kékeré kan tó gé létí kántà rẹ̀, pé kó máa gbé ìkòkò gbígbóná lé e. Ìyá Ìbejì fẹ́ràn ègé yìí. Bó bá tì í mọ́ etí kántà, iṣan dúdú náà á kúrò lára kántà, á wọ inú ègé, á sì dúró gẹ́lẹ́ létí kejì ègé náà, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n já gbà lẹ́nu èèyàn.

Kò pẹ́ tí ọmọ fi fún ọsàn sí mábù. Àpá jókòó. Oní-Táì pariwo bí ẹni pé wọ́n fá a lórí.

Láàárín ìgbà yìí, Aránṣọ kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìdáná òun mọ́. "Ó dọ̀tí," "Ọ̀dà ò tíì gbẹ," "Eku wà níbẹ̀." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ibà dá Aránṣọ dùbúlẹ̀. Ìyá Ìbejì, ọmọlúàbí, se ọbẹ̀, ó gbé ìkòkò náà, ó mú ègé mábù rẹ̀ dání kó lè rí nǹkan gbé e lé. Ó wọ ilé Aránṣọ, ó sì gba ọ̀nà ilé ìdáná lọ tààrà.

"Má wọ ibẹ̀!" ni Aránṣọ ké láti orí ibùsùn.

Ó ti wọ ibẹ̀. Mábù funfun. Iṣan dúdú bí odò. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó ti ègé náà mọ́ etí kántà. Iṣan wọ inú iṣan.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Oní-Táì wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ àti oògùn ibà. Kò sí táì lọ́rùn rẹ̀.

"Mábù jọra!" ló kọ́kọ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

"Ó jọra?" Ìyá Ìbejì yíjú sí Aránṣọ tó ti wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ lo kọ́ mi pé ojú rírán là ń wò, pé bí òdòdó aṣọ bá pàdé, ara aṣọ kan náà ni! Wò ó! Ọ̀dàlẹ̀! Ẹ̀yìn tó pọn ọmọ mi lo ń tẹ́ fún ọkọ mi! Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ!"

Ojú ti ti Aránṣọ tán, ó wá sọ ọ́ di gbígbéraga. "Ó dáa! Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi nìkan ló fẹ́ràn! Èmi ló ra mábù fún, ìyókù rẹ̀ ló fún ẹ!"

"Kí n má bá ẹrù rẹ nílé bàbá mi mọ́," ni Ìyá Ìbejì sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò pè é ní "ẹ" mọ́.

Oní-Táì mí kanlẹ̀. Ó kúkú ní ibi tí yóò sùn. Ó fà mọ́ Aránṣọ. "Mo fi àwọn ọmọ mi búra, ẹ̀yin méjèèjì yìí nìkan ni mo mọ̀ láyé!"

Ìyá Ìbejì nu omijé. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, ó gbé ègé rẹ̀. "Aránṣọ, wo etí kejì kántà rẹ."

Aránṣọ fi ojú iṣẹ́ rẹ̀ wò ó. Iṣan náà kò tín-ín-rín, kò parẹ́. Ó nípọn títí dé etí, wọ́n sì gé e níbẹ̀: mábù náà ṣì kù níbòmíràn.

Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ Oní-Táì, ó pe agé-òkúta, ó ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ìyókù mábù wa dà?"

"Ẹ káàsán, mà. A ti lẹ̀ ẹ́ tán sílé ìyàwó ọ̀gá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."