Lẹ́tà Tí Jótámù Kọ sí Ìyá Rẹ̀

Ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi Élíhù ló máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn ọkùnrin tó bá jókòó yí ààrò onírin ká nínú ṣọ́ọ̀bù Nàtánì. Kì í ṣe pé àwọn yòókù kò mọ̀wé. Ohùn Élíhù ló dùn létí. Bó bá dé ibi tó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín, á dákẹ́ díẹ̀, á wo ojú gbogbo wọn kó tó sọ ọ́ jáde. Èmi Késíà, àbúrò rẹ̀, ni tíṣà abúlé wa, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kàwé sókè, oorun ló máa ń kun àwọn èèyàn.

Sátidé tí mò ń sọ yìí, yìnyín ti ń yọ́, ẹrẹ̀ sì kún gbogbo ojú ọ̀nà. Òwú ìránṣọ ni mo wá rà. Élíhù ṣí ìwé ìròyìn, ó wò ó, ó ní, "Ẹ gbọ́ eléyìí. Wọ́n ní inú ìwé ìròyìn Boston ni wọ́n ti mú un wá sínú tiwa. 'Lẹ́tà Bàbá Àgbẹ̀ sí Ọmọ Rẹ̀ Tó Wà Nígboro.'"

Ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ náà ń ròyìn fún ọmọ rẹ̀ bí màlúù òun, Dèbórà, ṣe já okùn, tó wọ oko elégédé díákónì, tó jẹun yó, tó wá dùbúlẹ̀ sáàárín oko bíi pé òun ló ni ín. Élíhù dúró. Ó wo òkè ìwé náà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Dèbórà kẹ̀?" ni Nàtánì bi Élíhù. "Bàbá Jótámù, ṣé kì í ṣe màlúù yín nìyẹn?"

"Màlúù mi ni. Ọ̀rọ̀ mi sì ni. Èmi ni mo kọ ọ́ sí Jótámù ọmọ mi nígbà ìkórè." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. "Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mi jáde ní Boston, ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ sì ń pè mí ní aláròyé."

Wọ́n hó yèè, wọ́n ní kó máa kà á lọ. Ó gbé ohùn sókè, ó jókòó dáadáa bí oníwàásù, ó ń kà lọ títí tó fi dé apá ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bàbá àgbẹ̀ yìí máa ń mú lẹ́tà ọmọ rẹ̀ lọ síbi ibojì ìyàwó rẹ̀, á kà á sókè fún òkúta, á wá fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, á máa retí èsì. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á ní, "Sọ̀rọ̀ sókè, obìnrin yìí. Láyé ẹ náà, o kì í la ẹnu dáadáa."

Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó rí ojú Élíhù. Ẹ̀gbọ́n mi di ìwé náà mú, ó ń wò ó. Nàtánì na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ṣí ẹnu ààrò, ó sì jù ú sínú rẹ̀.

"Iná yìí ti fẹ́ kú," ló wí. Iná náà kò fẹ́ kú rárá, gbogbo wa la sì mọ̀.

Òótọ́ ni pé Élíhù máa ń lọ síbi ibojì Lídíà, ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀. Èmi tí mò ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, mo rò pé ọgbà ápù ló ń lọ wò lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún láyé, ọmọ rẹ̀ ni.

Jótámù nìkan ni Lídíà bí kó tó kú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní Boston, ó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Lẹ́tà kì í dá láàárín òun àti bàbá rẹ̀. Jótámù á kọ ewì ránṣẹ́, bàbá rẹ̀ á sọ ibi tó dùn nínú rẹ̀ àti ibi tí kò dùn. Mo rántí ọ̀kan tó kọ nípa òṣùpá. Èsì tí Élíhù fún un ni pé, "Òṣùpá rẹ dára, ó ń tàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin inú ewì yìí ti jókòó síbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ta ló ń bá a fún wàrà màlúù?" Lẹ́yìn náà, á ròyìn oko fún un, á sì fi ìkíni parí rẹ̀: Dèbórà kí ọ, ẹṣin kí ọ, àkùkọ ò kí ọ, ó ń bínú.

Ẹnu Jótámù fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó ní òun ka ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ òun, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí olóòtú ìwé ìròyìn fi yọjú. Ọkùnrin yìí, Ọ̀gbẹ́ni Krọ́sìbì, ti kọ̀ láti tẹ ewì Jótámù jáde láìmọye ìgbà. Ó máa ń ní òṣùpá ti pọ̀ jù ní Boston.

"Mú bàbá àgbẹ̀ yẹn wá fún mi," ni ó wí. "Mo máa tẹ lẹ́tà rẹ̀, mo sì máa tẹ ewì tìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ lábẹ́."

"Bàbá mi ni, sà."

"Ta ló máa mọ̀? Yí orúkọ padà."

Jótámù yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà. Kò rántí ti màlúù. Àwọn ará Boston fẹ́ràn bàbá àgbẹ̀ náà, wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olóòtú sì ń sọ fún ọmọ náà pé, "Fi iyọ̀ sí i. Jẹ́ kó gọ̀ díẹ̀ sí i." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi iyọ̀ sí i títí ó fi kan lẹ́tà tí Élíhù ti kọ ọ́ pé, "Lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo máa ń ka tìrẹ fún ìyá rẹ. Mo máa ń ṣí fìlà. Má sọ fún Àǹtí rẹ, á ní mo ti ń darúgbó."

Ó mọ̀ pé kò yẹ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kò wá àwáwí. Ṣùgbọ́n olóòtú ti ṣèlérí pé bí tọ̀sẹ̀ yẹn bá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ewì rẹ̀ á bọ́ sójú ewé àkọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí kún un, ó fi "obìnrin yìí" kún un. Ewì rẹ̀ bọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Bàbá tó ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ni gbogbo ìgboro ń sọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Sátidé yẹn, mo ń po ìyẹ̀fun nígbà tí Élíhù wọlé wá bá mi.

"Késíà, bá mi kọ lẹ́tà sí Jótámù."

"Ọwọ́ ń dùn yín ni?"

"Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ ni tíṣà. Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé, kó má sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá ọmọ yẹn wí. Ẹ sọ fún un pé ó dùn yín."

"Kí n kọ ọ́, kí wọ́n tún lọ tẹ̀ ẹ́?"

Mo nu ọwọ́, mo kọ ọ́: Ọmọ wa ọ̀wọ́n, àlàáfíà ni a wà, a sì gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ bẹ́ẹ̀. Ojú ọjọ́ dára. Lẹ́tà tó mọ́ tónítóní ni, kò sí àṣìṣe kankan nínú ẹ̀, kò sì sí ẹ̀mí nínú ẹ̀. Élíhù fọwọ́ sí i. Ó gbé kálàmù rẹ̀ lọ sórí pẹpẹ, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Jótámù rò pé bàbá òun ń ṣàìsàn ni. Ó kọ̀wé padà kíákíá: "Kí ló ṣe yín lọ́wọ́, Bàbá mi? Dèbórà ńkọ́?" Ohun tí Élíhù ní kí n fi fèsì ni pé, "Màlúù wà dáadáa." Kò dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ náà ní nígbà tí òun ka gbólóhùn yẹn, òun fura pé bàbá òun ti rí ìwé ìròyìn náà. Ó jẹ́ àṣà àwọn ilé ìwé ìròyìn láti máa fi ìwé wọn ránṣẹ́ síra wọn, tiwa náà sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn ní Boston. Ó tú òkìtì ìwé àtijọ́ títí ó fi rí tiwa, ó ṣí i, ó bá Dèbórà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un ẹni tó ń kàwé sókè nínú ṣọ́ọ̀bù Nàtánì.

Ibẹ̀ ni olóòtú bá a. "Bàbá wa ò kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí?"

"Wọn ò ní kọ̀wé mọ́, sà."

"Ìwọ wá kọ ọ́. O ti mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní kọ ọ́."

Krọ́sìbì kò pariwo. Ó kàn ní ewì Jótámù náà ti parí nìyẹn, ó sì ní kó lọ síyàrá ẹ̀yìn lọ máa fọ àwọn lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Omi eérú tó fi ń fọ̀ wọ́n bó ọmọ náà lọ́wọ́. Lálaalẹ́ ló ń kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí bàbá rẹ̀, ó sì ń fà á ya, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọ ló dà bí èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, ó rántí ẹnì kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ kò ní kọ̀ láti bá ka lẹ́tà.

Ṣọ́ọ̀bù Nàtánì ni lẹ́tà abúlé wa máa ń dé sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé lẹ́tà náà fún mi. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni: "Sí Lídíà Peck, nípasẹ̀ ọkọ rẹ̀." Mo gbé e sórí tábìlì níwájú Élíhù, mo sì wá nǹkan ṣe nídìí ààrò.

"Ṣé ọmọ yìí tún fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" ni ó wí. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wá ní, "Lẹ́tà ìyá ẹ̀ ni. Mi ò lè ṣí lẹ́tà onílẹ́tà." Ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó mú un, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Máa bọ̀, Késíà. Ìwọ náà ṣáà ti mọ̀ báyìí."

Nídìí ibojì, ó ṣí fìlà, ó já lẹ́tà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn rẹ̀ tó dùn yẹn kà á.

"Màmá mi ọ̀wọ́n, Bàbá ló ń kà á fún yín, ohùn wọn ṣáà dára ju tèmi lọ. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò. Bàbá sọ ohun kan fún mi tí wọn ò sọ fún ẹlòmíràn, pé àwọn ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo mú un, mo fi pa àwọn tí kò mọ̀ yín rí lẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ń fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. Irọ́ ni. Mo kọ ọ́ pé ẹ kì í la ẹnu dáadáa. Irọ́ nìyẹn náà. Mo ṣì ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń pè mí láti inú ọgbà ápù pé kí n wá jẹun. Orúkọ mi bọ́ sójú ewé àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tí mo lè fi hàn. Ẹ bá mi bẹ Bàbá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n."

Élíhù ka ti ọgbà ápù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kà á parí. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, fìlà lọ́wọ́. Èmi ń sunkún ní tèmi, ojú kò sì tì mí.

Nígbà tí a délé, ó mú kálàmù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó jẹ́ kí n ka ohun tó kọ kó tó dì í.

"Jótámù, mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ, mi ò fo ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà mo dúró, mò ń retí èsì, bíi bàbá inú ìwé ìròyìn rẹ. Èsì ò wá. Mo wá rí i pé èmi nìkan ló kù tó lè dá ọ lóhùn. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Nígbà tí ápù bá tanná, máa bọ̀ wálé, kí o wá ka tìrẹ fún un fúnra rẹ. Dèbórà kí ọ. Ó ń bínú pé orúkọ tèmi nìkan lo rántí yí padà."

Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì máa ń sọ ọ́ láìfi bò pé, ohun tí ẹni tó fẹ́ràn yín bá fi sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ra ẹ̀rín ará ìta. Ẹ̀rín wọn kì í pẹ́, ọkàn tí ẹ bá dá lọ́gbẹ́ kì í sì í tètè jinná. Bí ẹ bá ti wá ṣe é, ẹ má fara pamọ́. Ẹ lọ sọ òtítọ́ níbi tí ẹ ti purọ́.

Wọ́n á ní, "Àǹtí Késíà, ṣé bàbá náà dárí jì í dénú?"

Màá wá sọ fún wọn nípa ọ̀sán ọjọ́ tí Jótámù dé, tí ápù tanná. Ó ṣí fìlà nídìí ibojì ìyá rẹ̀, ó mú ìwé tó kọ jáde, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde dáadáa. Élíhù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́tí títí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ kan lé èjìká ọmọ náà, ó sì fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn etí.

"Sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ yìí," ni ó wí. "Ìyá rẹ àti èmi ò gbọ́."