Méjìdínláàádọ́ta ni Aláago Kà

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó rì?" Nọ́ọ̀sì àgbà wo àwọn ọmọbìnrin méjì tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì. "Mo fẹ́ mọ bó ṣe pẹ́ tó lábẹ́ omi."

Olórí ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ ilé ìwé wọn ló yára dáhùn. "Ẹsẹ̀ ló yọ̀ ọ́, mà. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tá a fi fà á jáde."

Irọ́ funfun báláú. Èkejì rẹ̀ sì mọ̀, torí òun ló ń di aago mú tí wọ́n bá ń wẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Aláago nìyẹn.

Àṣà burúkú kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ ki orí bọ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, Aláago á máa kà, tó bá ti pé ogún, onítọ̀hún á gbérí, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n Kékeré tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí ti wẹ̀ yára ju Olórí lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì ń ta Olórí lára. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí kíkà pé ogún, Olórí fi ọwọ́ méjèèjì ti orí ọmọ ọlọ́mọ padà sínú omi. Kékeré ń lu omi, ó ń jà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ Aláago tó fi ọdún mẹ́ta ju Kékeré lọ kò pariwo, kò pe olùkọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe: ó ń kà lọ. Méjìdínláàádọ́ta ló kà kí ọwọ́ Kékeré tó dákẹ́. Wọ́n wá fà á jáde, wọ́n dà á dojú délẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú kí omi lè jáde. Orí ló kó o yọ tó fi húkọ́.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Nọ́ọ̀sì kọjú sí Aláago.

Olórí ti kìlọ̀ fún un lọ́nà pé tó bá lanu pẹ́nrẹ́n, kó gbàgbé ìdíje tí wọ́n ń lọ lóṣù tó ń bọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Aláago ní.

Kékeré wo ojú àwọn méjèèjì, ó tẹrí ba. "Mo yọ̀ ni, mà."

Nọ́ọ̀sì fetí sí àyà rẹ̀, ó sì ní kó sinmi fún wákàtí kan. "Ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ibí ló máa sùn," ó ní. Ó wá jẹ́ kó máa lọ.

Aláago bá Kékeré gbé báàgì dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ. Kékeré fẹ́ kí ìyá rẹ̀, èémí ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀, wọ́n gbé e padà sílé ìwòsàn.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú. Dókítà wo àwọn tó dúró. "Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ò lè ṣe èèyàn báyìí. Ta ló mọ òótọ́?"

Aláago bọ́ síwájú. "Méjìdínláàádọ́ta ni, sà. Èmi ni mo kà á. Kò yọ̀ rárá. Olórí ẹgbẹ́ wa ló tì í mọ́nú omi. Nígbà tá a fà á jáde, a ń tẹ̀ ẹ́ nínú."

Kíá ni iṣẹ́ yí padà. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró Kékeré. Dókítà gbé irun rẹ̀ sókè, ó sì rí ojú èékánná lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, wọ́n sì kìlọ̀ fún ọlọ́dẹ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Aláago. "Irọ́ yín ni mo fi tọ́jú ọmọ yìí láàárọ̀. Omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn lẹ́yìn tó ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́ nínú. Ṣé ikùn ló fi ń mí ni? Èémí ló yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ sí i lẹ́nu."

Aláago kúnlẹ̀ níwájú ìyá Kékeré. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Dìde níbẹ̀," ìyá náà ní. "Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Kékeré lò níbẹ̀. Wọ́n lé Olórí kúrò nílé ìwé, ẹjọ́ rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n yọ Aláago kúrò nínú ẹgbẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ìyá aránṣọ a sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, Kékeré dúró níwájú rẹ̀. Ó ṣì ń mí gúlegúle.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé ó ti pé ogún?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń kà?"

Kékeré di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, wọ́n lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹni tó bá ti orí èèyàn mọ́nú omi kì í ṣeré, ìpànìyàn ló ń ṣe. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ pariwo. Bí oníṣègùn bá sì bi yín léèrè, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀, torí ẹni tó purọ́ fún un ti bá wọn fọwọ́ ti orí ọmọ náà mọ́nú omi lẹ́ẹ̀kejì.