Èmi Kì Í Ṣe Àbúrò Rẹ, Lábọ̀dé

Ìjà ni wọ́n fi pàdé. Ìjà ìjókòó iwájú ọkọ̀, ní gáréèjì Osi, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí ọyẹ́ ń fa ètè ya.

Salamot ti san owó ìjókòó iwájú méjèèjì fún Waliyullah, awakọ̀ tó ń ná Osi sí Ìlọrin. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Obìnrin tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ méjì, tí wọ́n ń ti Koro àti Ararọ̀mí-Ọ̀pin wá ra gààrì lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ọkùnrin kan máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ dé Ìlọrin. Ó kàn yà ra omi ni. Nígbà tó padà dé, géńdé kan ti jókòó síwájú, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde."

"Ẹ wọlé, Àǹtí. Àyè wà."

"Àyè tí mo rà ni. Àbí ẹ bá mi dá sí i?"

Waliyullah sáré dá sí i. "Àǹtí Salamot, ẹ forí jì í, ará Iloffa ni, bàálù ló fẹ́ẹ́ bá."

"Kí bàálù náà wá gbé e níbí."

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Ó dìde, ó lọ há sẹ́yìn pẹ̀lú obìnrin mẹ́ta àti ewúrẹ́ kan, ó sì ń bá ẹ̀yìn orí Salamot sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Òmù-Àrán. Níbẹ̀ ni Salamot ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan láìfẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi dé Ìlọrin, nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Lábọ̀dé ló ń jẹ́. Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Cork, ní orílẹ̀-èdè Ireland. Odindi ọdún méjì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, ó sì ń wálé lọ́dọọdún láti rí i. Ìfẹ́ ọ̀hún wọ Salamot lára débi pé bí fóònù ò bá dún láàárọ̀, iná gààrì ò ní jó dáadáa lójú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Kì í ṣe ẹ̀sìn. Nínú ilé Salamot, ẹni tó ń kírun àti ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Ọjọ́ orí ni. Salamot fi ọdún mẹ́rin ju Lábọ̀dé lọ.

"Ọdún mẹ́rin kí ni?" ni Lábọ̀dé wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá ilé gbé ní Cork."

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Màmá Susanna, tí gbogbo ìjọ Áńgílíkà ní Iloffa ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, ti sọ lójú gbogbo ènìyàn nígbà tí ọmọ aládùúgbò fẹ́ obìnrin tó jù ú lọ pé, "Ní ilé tèmi, kò lè ṣẹlẹ̀." Lábọ̀dé wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí Lábọ̀dé fi ṣètò ìrìn àjò ìgbà òtútù náà.

"Olólùfẹ́ mi, wá bá mi lo ìsinmi Kérésì. A ó rin Ireland já, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí England. Ilé Bàbá Ògúnjìnmí ní Manchester la ó ti ṣọdún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, òun náà ló kù tó ń ṣe baba fún wa. Níwájú rẹ̀ ni n ó ti sọ pé ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́. Bó bá ti fọwọ́ sí i, ìyá mi ò ní rí ọ̀rọ̀ sọ."

Salamot gbà á gbọ́. Ó gba físà orílẹ̀-èdè méjèèjì, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó din gààrì báàgì mẹ́ta fún ilé mẹ́ta tí wọ́n máa yà sí. Èyí tó funfun jù, tó sẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ti Bàbá Ògúnjìnmí ni.

Lábọ̀dé pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Dublin, ó dì mọ́ ọn, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Galway. Òjò ń rọ̀ ṣáá, àgùntàn ń jẹko nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù tí ilẹ̀ fi ṣú.

"Ṣé oòrùn ibí náà ní ọ̀gá tó ń lé e kúrò níbi iṣẹ́ ni?" ni Salamot bi í. Lábọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ilé Ọpẹ́olúwa ni wọ́n dé sí, ọmọ Iloffa tó fẹ́ ọkọ sí Galway, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wo Salamot láti òkè délẹ̀.

Lábọ̀dé wúkọ́. "Àbúrò mi nìyí. Salamot, láti Osi."

Àbúrò!

Salamot rò pé òtútù ló wọ òun létí. Kó tó lanu, Ọpẹ́olúwa ti gba báàgì gààrì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣé o. Àbúrò, yàrá àwọn ọmọ lo máa sùn, bẹ́ẹ̀dì tòkè. Tí a bá jẹun tán, wàá bá mi fọ àwo."

Obìnrin tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà ní Osi fọ àwo. Ó fọ ìkòkò. Ó gun àkàbà ọmọdé lọ sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ya ẹja sí lára.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ wo òkun. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ níbẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbé gèlè lọ lórí rẹ̀.

"Lábọ̀dé, àbúrò ta ni mí?"

"Olólùfẹ́ mi, fara balẹ̀. Ọpẹ́olúwa àti ìyá mi jọ wà nínú gúrúùpù Wásáàpù kan náà ni. Bí mo bá sọ ọ́ níbí, kí n tó bọ́ bàtà, ó ti dé Iloffa. Níwájú Bàbá ni n ó ti sọ ọ́. Mo ṣèlérí."

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ọ́ lọ. Bí o bá tiẹ̀ máa purọ́, ṣé o ò rí ẹ̀gbọ́n pè mí ni?"

Lábọ̀dé mú ọwọ́ Salamot méjèèjì tó ti tutù bíi yìnyín, ó kì wọ́n bọ àpò kóòtù ara rẹ̀. Salamot ń bínú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Àpò yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó dárí jì í fún ọjọ́ yẹn.

Ní Dublin, nílé Màmá Adéṣọlá tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. "Àbúrò mi ni, Màmá." Màmá ní kí àbúrò gbé omi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Salamot dúró gbé e. Màmá wò ó bí ẹni tó rí ọmọ tí a kò kọ́. Salamot bá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun ì bá ti pọ̀n sẹ́yìn lọ́mọdé! Lábọ̀dé gba omi náà, ó mu ún. Ẹ gbọ́ mi, ó mu ún tán.

Lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí England, ìgbì ń jù wọ́n sókè sódò, Salamot ń bì. Lábọ̀dé di orí rẹ̀ mú, ó ń nu ẹnu rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Pẹ̀lẹ́, ọ̀wọ́n mi."

Salamot gbé ojú sókè. "Lórí òkun ni mo jẹ́ ìyàwó rẹ. Bí a bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ ńkọ́?"

"Manchester ni," ni Lábọ̀dé wí. "Manchester ló kù."

Wọ́n dé Manchester nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣe Kérésì. Bàbá Ògúnjìnmí jáde tòun ti fìlà onírun, ó dì mọ́ wọn. Ojúlówó àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ ilé ló kún ẹnu rẹ̀.

"Ta lo mú wá yìí, Lábọ̀dé?"

Salamot mí sínú.

"Àbúrò mi láti Osi ni, Bàbá."

Lọ́jọ́ Kérésì, Lábọ̀dé ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, ó ní Bàbá ń wo bọ́ọ̀lù, kí wọ́n má dà á láàmú. Ìbínú tó wà nínú Salamot ti hó kọjá ẹnu ìkòkò, ìdérí nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kẹta Kérésì, wọ́n ń jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án nígbà tí Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀, tó nu ẹnu.

"Ọdún kẹfà rèé tí ìyá ilé yìí ti kú. Irú gààrì tí ọmọ yìí gbé wá, kò wọ ẹnu mi láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ó mọ iṣẹ́, ó mọ ara tọ́jú, kò sì rojọ́ jù. Lábọ̀dé, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbí, ọwọ́ rẹ ni mo ti máa tọrọ rẹ̀. Mo fẹ́ fi ọmọ Osi yìí ṣe aya. Ṣé o fún mi?"

Ṣíbí Lábọ̀dé dúró sí agbedeméjì àwo àti ẹnu.

"Bàbá... ẹ jẹ́ ká... ẹ jẹ́ ká ṣì rò ó."

"Ẹ jẹ́ ká rò ó!" Salamot dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Kí lo fẹ́ rò? Ṣé o fẹ́ rò ó bóyá n ó di ìyá rẹ ni? Bàbá, ẹ dákun, ẹ̀yin ò ṣẹ̀ mí. Èmi kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni obìnrin tó sọ pé òun fẹ́ fẹ́, tó ní níwájú yín lòun ti máa sọ ọ́. Nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣe ti Osi wá síbí. Mo fọ àwo fún un ní Galway, mo kúnlẹ̀ fún un ní Dublin. Wọ́n wá ń tọrọ mi lójú rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì!"

Bàbá yíjú sí Lábọ̀dé. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Ṣùgbọ́n kí ni, ìwọ ọmọ yìí? O fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí n fẹ́ aya ọmọ mi! Pẹ̀lú irun funfun tó wà lórí mi yìí!"

Salamot ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó kó ẹrù, ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà lọ sí èbúté. Lábọ̀dé sáré tẹ̀ lé e láìwọ kóòtù, ó bá a lórí ọkọ̀ ojú omi, ó ń gbọ̀n.

"Olólùfẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́."

"Ta lò ń sọ ọ́ fún? Èmi? Èmi ti mọ̀ láti ọjọ́ ewúrẹ́. Gbogbo ilé tí o ti pè mí ní àbúrò, padà síbẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ kí o sọ ẹni tí mo jẹ́. Sọ ọdún mẹ́rin náà mọ́ ọn, má fi í pamọ́. Lẹ́yìn náà, kí o wá sí Iloffa, kí o sọ ọ́ lójú ẹni tí ò ń bẹ̀rù. Títí dìgbà náà, má pè mí ní olólùfẹ́. Mo ní orúkọ."

Ó bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀ jù sí i, nítorí Lábọ̀dé ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, Salamot lọ jókòó sí ibòmíràn. Láti Dublin, ó wọ bàálù rẹ̀ padà sílé.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, fóònù dún níbi tó ti ń sẹ́ gààrì. Ọpẹ́olúwa ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Mo ní kí ẹ fọ àwo. Bọ̀ọ̀dá Lábọ̀dé ti dé ibí, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ mi. Wọ́n ní láti Manchester ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní Dublin, Màmá Adéṣọlá fi ọmọrogùn lé wọn kiri pálọ̀."

Salamot fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nọ́ńbà tí kò mọ̀ pè é.

"Ṣé ìwọ ni Salamot? Èmi ni ìyá Lábọ̀dé. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù. Mi ò fẹ́ ọ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi yí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí, tó ń purọ́ kiri ìlú òyìnbó nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tíì bi mí, òun ni n ó kọ́kọ́ nà."

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Salamot dáhùn. "Nínú gbogbo ilé yín, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa mi láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú yín."

"Ẹnu rẹ mú," ni Màmá Susanna wí. "Nígbà tó bá dé, kí ẹ jọ wá. N ó bá ẹ̀yin méjèèjì jà."

Lábọ̀dé dé ní oṣù Èrèlé. Ní gáréèjì Osi, ọkọ̀ Waliyullah tó ń lọ sí Iloffa ti kún lẹ́yìn. Salamot wà níwájú, báàgì rẹ̀ wà lórí ìjókòó kejì. Lábọ̀dé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Ṣé àyè wà?"

"Àyè tí mo rà ni."

Obìnrin kan tó gbé adìẹ sẹ́sẹ̀ lẹ́yìn kígbe. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọlé, ooru ń pa wá! Kí ni àǹtí yìí jẹ́ sí yín tí wọ́n fi dá yín dúró?"

Lábọ̀dé kọjú sí gbogbo gáréèjì. Ó gbé ohùn sókè débi pé àwọn ọlọ́kadà pa ẹ̀rọ.

"Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni! Salamot, ọmọ Osi! Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ! Mò ń mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá mi!"

"Ọdún mẹ́rin péré?" ni obìnrin aládìẹ wí. "Èyí náà lẹ fi ń pariwo? Ẹ wọlé jàre, adìẹ mi ń kú lọ."

Salamot gbé báàgì rẹ̀ kúrò. Lábọ̀dé wọlé, ó fẹ́ẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbé ọwọ́ yẹn kúrò. Mi ò tíì bínú tán."

"Mo gbọ́, Salamot."

"Waliyullah, ẹ ṣáná sọ́kọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ìyá yìí jà."

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìlú, láìwo ojú rẹ̀, ó kì ọwọ́ kan bọ àpò ẹ̀wù Lábọ̀dé. Òtútù kankan kò sí.