Orúkọ Luqman Lára Ògiri

"Ta ló ń jẹ́ Luqman níbí?"

Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú, olùkọ́ wọn, ló béèrè. Ó ń wo ara ògiri níwájú kíláàsì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tan iṣẹ́ àárọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Gbogbo ẹni tó fi kóòdù, àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ hàn níwájú iṣẹ́ rẹ̀: Simon, Ìdùnnú, Ọpẹ́mipọ̀. Níwájú iṣẹ́ tí Kaosarah ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́, Luqman ló wà níbẹ̀.

Kaosarah dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Òun ló ni kọ̀ǹpútà yìí tẹ́lẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà ò tíì mọ̀ pé ó ti di tìrẹ nìyẹn. Yí orúkọ yẹn padà. Orúkọ tó bá wà lórí iṣẹ́, òun la máa gbà pé ó ṣe é."

Kaosarah ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò yí i. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa Luqman lọ́nà Ọ̀yọ́ lọ́dún tó kọjá. Ní ilé wọn ní Agbowó, Ìyá Luqman ni wọ́n ṣì ń pe ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Luqman fúnra rẹ̀ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló ti ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí àbúrò rẹ̀ bá kọ nǹkan, ẹ̀rọ á ní Luqman ló kọ ọ́, ní òwúrọ̀ òní. Ó ń ba Kaosarah lẹ́rù, ó sì tún ń tù ú nínú.

Ilé ẹ̀kọ́ kóòdù náà, ní Bódìjà, kì í gbowó, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣeré rárá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa wúlò fún ẹnì kan nílé rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i ṣe á máa lọ sílé. Kaosarah, tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní Ẹnjiníà láti ìgbà tí èsì ìdánwò tó fi wọ ibẹ̀ ti jáde, jókòó ti iṣẹ́ náà títí, kò rójú ẹ̀. Bó bá tún ìlà kan ṣe, òmíràn á bàjẹ́. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í sìnà, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà wa ò lè béèrè. Kí ni wọ́n á wí?

Níbi tó ti ń tú inú kọ̀ǹpútà náà, ó rí iṣẹ́ kan tí Luqman ti parí. Ètò tó ń ránni létí láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ìyá wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ló sì ń gbàgbé oògùn.

"Ẹni tó ni ín ò kúkú ní padà wá bi mí," Kaosarah sọ nínú ara rẹ̀.

Ìgbà náà ló tó yí orúkọ yẹn padà. Orúkọ tí kò lè fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀, ó pa á rẹ́ kó lè jí iṣẹ́ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú tan iṣẹ́ rẹ̀ sára ògiri. Ọ̀rọ̀ jáde gàdàgbà: "Màámi, ẹ ti lo oògùn yín? Ẹ má purọ́ o." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kaosarah ò lè rẹ́rìn-ín. Bí Luqman ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, tí á fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

"Ó dára gan-an," olùkọ́ wí. "Ẹ mọ àṣà ibí: ẹni tó kọ ọ́ ló máa tún un ṣe lójú gbogbo wa. Kaosarah, jẹ́ kó máa béèrè láàárọ̀ àti lálẹ́."

Kaosarah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìlà kan kún un, ó yọ òmíràn, ó ní kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ìbéèrè náà jáde. Ó tún jáde. Ó ń jáde láìdúró, títí ó fi kún ara ògiri: Màámi, ẹ ti lo oògùn yín? Màámi, ẹ ti lo oògùn yín? Lójú Kaosarah, àfi bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró síta, tó ń pe ìyá wọn, tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.

"Dá a dúró," Simon, tó jókòó tì í, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró." Ó bú sẹ́kún. "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Bọ̀dá mi ni. Ó ti kú."

Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú pa ẹ̀rọ náà. Kò jágbe mọ́ ọn, ìyẹn ló tún dùn ún jù. "Ká ní o béèrè ni, à bá ràn ọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ààyè rẹ ti bọ́, Kaosarah. Tí a bá tún ń gba èèyàn, máa bọ̀, kó o gbé iṣẹ́ tìrẹ dání."

Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tó délé. Kaosarah kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí ìfọ́tí, kò rí i.

"Luqman ṣe nǹkan fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn ará Bódìjà wá rí i kí èmi tó rí i."

Ìyá rẹ̀ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Kò fi hàn mí kó tó lọ. Gbé e wá."

Kaosarah kọ́kọ́ dá iṣẹ́ náà padà sí bó ṣe wà, ó sì dá orúkọ ẹni tó ni ín padà sórí rẹ̀. Ìyá Luqman rọra kà á, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Mi ò tíì lò ó, ọmọ mi," ó dá kọ̀ǹpútà lóhùn. Ó dìde, ó lọ mú oògùn rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Kaosarah ò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan. Níbi tó kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ náà ló ti yé e pé ohun tí ìtìjú ò jẹ́ kí òun béèrè lọ́wọ́ alààyè, òun ló sún òun dé ibi tí òun ti lọ jalè lọ́wọ́ òkú.