Àwọ̀ Tí Ìbídùn Mú Fún Àga

Orí àga ni Ìbídùn jókòó sí, láàárín ọ̀sà, lọ́jọ́ tí Dosu kọ́kọ́ rí i. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé e bọ̀ láti ìhà òkun. Orí pákó ni àwọn èrò yòókù jókòó sí, òun nìkan ló ga láàárín wọn bí ọba, tó ṣí agbòòrùn sórí.

Dosu ń kun ọkọ̀ kan lọ́dà létí omi. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ni?"

"Bí o bá máa bá mi gbé e délé, màá sọ̀."

Ilé ìgbafẹ́ kan tó ń kógbá sílé létí òkun ló ta àga náà fún un: igi kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ bí ewé kókò, lórí ẹsẹ̀ irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin. Òyìnbó ti ń ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá Dosu, kò sì tíì di àtijọ́. Ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ló ti bó.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni Ìbídùn, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé yunifásítì l'Ójòó, Ajara létí ọ̀sà ló gba ilé sí. Ègùn ni Dosu, akunlé ni, Ajara náà ni wọ́n bí i sí.

"Àwọ̀ wo ni kí n kùn ún?" ni Dosu bi í. Kò mọ ohun tó dá sílẹ̀.

Ìbídùn mú funfun. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní funfun ń wo òun bíi nọ́ọ̀sì. Ó mú àwọ̀ ìyeyè, ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí pálọ̀. Pupa kò pé oṣù. Dosu ń họ ọ́, ó ń kùn ún, kò ráhùn. Ẹni tó ń lọ sóko olóko lójoojúmọ́, kì í ṣe iṣu nìkan ló ń wò.

"Dosu, mo mà ń yọ ọ́ lẹ́nu o."

"Yọ mí lẹ́nu sí i, ayọ̀ mi."

Wọ́n di olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ń ba Dosu: obìnrin tó kọ àwọ̀ mẹ́ta, ṣé kò ní kọ ọkọ? Bàbá Ìbídùn, Bàbá Akínlóyè, kò tiẹ̀ fi bò lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, o kì í dúró lórí nǹkan kan. Ègùn akunlé ló wá kàn báyìí? Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú wá wò ó."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìbídùn ní àwọ̀ ewé lòun fẹ́ kí bàbá bá lára àga.

"Atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọ̀dà tètè gbẹ. Ó di ọjọ́ márùn-ún."

"L'Ékìtì, ọjọ́ kan ti tó."

"Ṣé ọ̀sà wà l'Ékìtì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ ẹ́. Dosu kùn ún.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí Dosu ṣe ń ti ọjà Agbalata bọ̀ pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, Ìbídùn fi ìka kan àga. Ìka mọ́. Níbo ni à ń fi àlejò pàtàkì sí bí kò ṣe orí àga tó dára jù? Bàbá dé, ó jókòó, nínú aṣọ funfun báláú. Nígbà tó fẹ́ dìde, àga bá a dìde.

Dosu wọlé, ó rí ìdí àgbàlagbà tó di àwọ̀ ewé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀bi mi ni, bàbá."

"Irọ́ ni, bàbá. Ó kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mi ò gbọ́."

"Ẹ má dá a lóhùn, bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Bàbá wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Láti ìgbà tó ti bí Ìbídùn, kò gbọ́ "èmi ni" lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Dìde, ọmọ Ègùn. Wá ṣòkòtò fún mi. Ẹja wo lo rà?"

Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá na ara sórí ẹní nínú ṣòkòtò Dosu tó kúrú, ó dijú. Dosu lóṣòó síwájú àga. Ọ̀dà ti ṣí kúrò níbi tí bàbá jókòó sí, òwú funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Màá họ ọ́ lọ́la. Àwọ̀ wo ló tún kàn?" Kò gbójú sókè bó ṣe bi í.

"Kò sí. Eléyìí náà ni."

"Pẹ̀lú àpá ẹ̀?"

"Pẹ̀lú àpá ẹ̀. Báyìí la máa gbé e lọ sílé wa."

Bàbá kò la ojú.

"Mo gbọ́ ohun tó sọ o, Dosu. Kí àwọn èèyàn rẹ tètè wá rí wa n'Íkẹ́rẹ́, kó tó yí i padà."